Ìjókòó ìta láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́: oríṣi mẹ́rin, èwo ló yẹ kí ilé-ìwé kàn?

Àwòrán ìjókòó ìta tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara wọn kàn kò lóǹkà, ṣùgbọ́n tí a bá yọ ọ̀ṣọ́ kúrò lára wọn, orí mẹ́rin ni gbogbo wọn dúró lé: pálẹ́ẹ̀tì ẹrù (pèpéle pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé), búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti igi bọ̀, àga Leopold (àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, tí pákó ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lára ara wọn), àti bẹ́ǹṣì pákó nínípọn tí wọ́n fi bóòtì dè. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, bẹ́ǹṣì oníbóòtì ló gba ipò kìíní lọ́dọ̀ wa. Àga Leopold tẹ̀ lé e. Búlọ́ọ̀kù wúlò níbi tí àkókò bá ti há. Pálẹ́ẹ̀tì la ò ní gba ilé-ìwé kankan níyànjú pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a wò ni pé, ṣé ọmọ ọdún 12 sí 17 lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fúnra wọn? Ṣé ara á gba ìjókòó náà? Ṣé kò ní máa mì lẹ́yìn òjò àti oòrùn ọdún díẹ̀? Bí ibì kan bá sì bàjẹ́, ṣé wọ́n lè pààrọ̀ ibẹ̀ nìkan láìtú gbogbo rẹ̀?

Pálẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré sí, torí pé wọ́n sábà máa ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ náà kì í pẹ́ tán. Ẹ jẹ́ ká mú pálẹ́ẹ̀tì EUR tí wọ́n ń lò káàkiri Yúróòpù. Ó gùn ní mílímítà (mm) 1200, ó fẹ̀ ní 800, ó ga ní 144. Bí ẹ bá to méjì léra, gíga wọn á jẹ́ mm 288, ó rẹlẹ̀ jù fún ọmọ ọdún 15. Bí ẹ bá to mẹ́ta, ó di mm 432. Gíga yẹn dára, àmọ́ fífẹ̀ 800 ti pọ̀ jù: ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í, orúnkún rẹ̀ ò ní dé etí ìjókòó, ẹsẹ̀ á nà tàntàn bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó di dandan kí wọ́n gé e kù sí nǹkan bí 400 sí 450, ibi tí ayùn á sì gbà kọjá gan-an ni inú kúkúté àárín, níbi tí ìṣó kún sí. Ìṣó 78 ló wà lára pálẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n sì ṣe ara wọn lọ́nà tí wọn ò fi ní tètè fà tu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi irin ìfàṣó gbé pákó rẹ̀, pákó ló máa ń là kí ìṣó tó jáde. Ọ̀nà tó dára ni kí àgbà fi ayùn oníná tó ní abẹ ìgérin gé ìṣó láàárín pákó àti kúkúté, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Pákó tó bá jáde láìlà náà kò tó nǹkan: mm 22 ni nínípọn rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ohun tó gbé e bá jìnnà síra. Bí wọn ò bá tú u, àlàfo bí mm 40 ló wà láàárín pákó kan àti èkejì lórí rẹ̀. Fóònù á gba ibẹ̀ bọ́ sínú, ẹsẹ̀ ọmọdé náà á gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Òǹtẹ̀ IPPC, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ààbò irúgbìn, tó ní àwòrán ṣírí ọkà, ló ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí igi náà. HT túmọ̀ sí pé wọ́n mú u gbóná títí inú igi fi dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. MB túmọ̀ sí pé gáàsì methyl bromide ni wọ́n fín sí i, ẹ fi irú yẹn sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, tàbí tí àbàwọ́n epo tàbí kẹ́míkà wà lára rẹ̀, ẹ má fi ṣe ohun tí ọmọ máa jókòó lé. Èyí tí wọ́n kùn ní búlúù pátá sábà máa ń jẹ́ ti CHEP, ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn èèyàn ní pálẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í tà á, kò sì sí bó ṣe pẹ́ tó níta tó lè di aláìlólúwa. Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣì gbà: HT ń pa kòkòrò tó wà nínú igi lọ́jọ́ tí wọ́n mú u gbóná ni, kì í dá ìjẹrà tàbí ikán dúró lẹ́yìn náà. Igi lásán ṣì ni. Lábẹ́ òrùlé, tàbí fún ayẹyẹ ọjọ́ kan, pálẹ́ẹ̀tì kò burú. Nínú òjò, rárá.

Búlọ́ọ̀kù ní àǹfààní tí ìyókù kò ní, ìyẹn ni pé kò béèrè ayùn púpọ̀, ó sì lè dúró láàárín òwúrọ̀ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù oníhò méjì léra sí ìparí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dojú ihò ti òkè sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wá ti igi onígun mẹ́rin, mm 89 sí 89, gba inú ihò náà kọjá. Nínú àwòrán, ó wuni. Lórí ilẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kì í bára mu. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó jẹ́ 390 sí 190 sí 190 ṣírò ó: ti ìsàlẹ̀ ga ní 190, ògiri ihò ti òkè nípọn tó nǹkan bí 32, igi sì jẹ́ 89. Ojú igi á wà ní nǹkan bí mm 310 sílẹ̀, ìyẹn gíga àwọn ọmọ kéékèèké. Bí wọ́n bá fi odidi búlọ́ọ̀kù kan kún un, á lé díẹ̀ ní 500, ẹsẹ̀ á wà lófuurufú. Èyí tó gbà á là ni búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ mm 90 tí wọ́n bá fi sáàárín: nígbà náà, ojú igi á wà ní nǹkan bí 400, tí wọ́n bá sì tẹ́ pákó mm 38 lé e, á tó 440.

Pákó orí yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ihò méjì péré ló wà lára búlọ́ọ̀kù kan, nítorí náà igi méjì ló máa gbà, àlàfo àárín wọn sì lè lé ní mm 100. Yàtọ̀ sí pé ó ń dunni nídìí, ìlànà ààbò ohun èlò pápá ìṣeré ọmọdé ní Yúróòpù, EN 1176, ka àlàfo tó wà láàárín 89 sí 230 sí ibi tí orí ọmọ lè há sí. Ẹ bo ó.

Àìsàn rẹ̀ kejì ni pé igi 89 kò kún ihò náà. Ó ń yí, ó ń rìn, nígbà tó bá sì rìn tó, á máa lu ògiri ihò. Ihò tó dúró lóòró ni wọ́n ṣe búlọ́ọ̀kù láti fi gbé ẹrù. Tí wọ́n bá dà á dojú ẹ̀gbẹ́, ògiri tínrín kan ló kù tó ń gbé gbogbo ìwúwo, ibẹ̀ náà ló sì máa ń sán. Ẹ fi èèkàn pákó há ẹ̀gbẹ́ igi náà pinpin. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù ìkọ́lé so búlọ́ọ̀kù mọ́ra, kí ẹ sì rọ kọ́ńkéré pẹ̀lú irin mm 12 sínú ihò àwọn ti ìsàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan wọ̀n tó kìlógíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ méjì bá ń ti ara wọn lórí èyí tí wọ́n kàn tò lásán, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. A ò ní gbà kí wọ́n fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìdè ní ọgbà ilé-ìwé kankan.

Orúkọ Aldo Leopold, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, tó kú ní 1948, ni wọ́n fi ń pe àga kẹta. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, pákó méjì ló kọjá lára ara wọn. Èyí tó gùn gbéra nílẹ̀ níwájú, ó dà sẹ́yìn títí tó fi di òpó tó gbé ibi ìfẹ̀yìntì. Èyí tó kúrú gbéra nílẹ̀ lẹ́yìn, ó dà síwájú láti gbé ìjókòó. Bóòtì mẹ́ta ló de ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà fún àga kan. Pákó ìjókòó kan àti pákó ìfẹ̀yìntì kan ló parí rẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, ìwọ̀nba ẹ̀yà yìí dára púpọ̀: tí wọ́n bá ti fi páálí kan gé àwòṣe igun ẹsẹ̀, wọ́n lè fi fa ilà sára gbogbo ẹsẹ̀ tó kù. Ara sì gbà á gan-an, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ dà dáadáa.

Ohun méjì ló máa ń dà á rú. Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì gbọ́dọ̀ kọjú síra bí ọwọ́ méjèèjì ṣe kọjú síra. Àwọn ọmọ tó ń sáré máa ń de ẹ̀gbẹ́ òsì méjì, ìgbà tí pákó ìjókòó bá dé ni wọ́n tó mọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n wo ara wọn, kí dríìlì tó kan èyíkéyìí. Èkejì, kò sí ohunkóhun tó dá àga náà dúró kó má lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju sukúrù tó de ìjókòó àti ẹ̀yìn lọ. Bó bá jẹ́ àga ẹni méjì, ó ṣeé gbà. Bí wọ́n bá fà á gùn fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ọdún tó yí po. Pákó kan tó dábùú lábẹ́ ìjókòó, tí wọ́n de mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, ń tán ìṣòro yìí, ó sì yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kì í fi sí i.

Bẹ́ǹṣì oníbóòtì wá ńkọ́? Kò lẹ́wà tó àga Leopold, kò sì ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èèyàn lè jókòó sí i kọjú síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, àwọn mẹ́ta sì gbà á. Ohun tó fi borí ni pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló dúró lórí ìwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra wọn ṣàwárí. Kí wọ́n tó ya ohunkóhun, kí wọ́n wọn àwọn ẹgbẹ́ wọn bíi 20 láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì mú gíga tó ṣe díẹ̀ sísàlẹ̀ àárín. Ẹni gíga lè jókòó sórí ohun tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó tó ga jù máa ń há itan ẹni kúkúrú. Fún ilé-ìwé girama, ó sábà máa ń bọ́ sí 420 sí 440. Fún ọmọ ọdún 6 sí 8, 300 sí 340. Ẹnì kan nílò fífẹ̀ bíi 480. Kí wọ́n fi páálí àti àpótí to èyí tó jọ ọ́, kí wọ́n jókòó lé e, kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi.

Bẹ́ǹṣì kan tó gùn tó mm 1490 tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 430 gba pákó 38 sí 140 mẹ́ta fún ojú ìjókòó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin máa jáde lára igi 89 sí 89, ọ̀kọ̀ọ̀kan mm 392. Igi 38 sí 89 ni ti ìyókù: márùn-ún tó gùn ní 400, méjì nínú wọn fún òkè ẹsẹ̀, méjì fún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ọ̀kan fún àárín ìjókòó lábẹ́, àti méjì tó tó nǹkan bí 500 fún ìdábùú. Bóòtì M10 tó gùn ní 150, mẹ́jọ, pẹ̀lú wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì. Sukúrù mm 80, ogójì. Gbogbo rẹ̀ á wọ̀n tó kìlógíráàmù 23 sí 30 bí igi náà bá ṣe rí sí omi.

Kí nìdí tó fi jẹ́ 1490, tí kì í ṣe 1500? Ayùn náà ń jẹ igi. Gígé kan ń sọ bí mm 3 di ìyẹ̀pẹ̀ igi, nítorí náà pákó mítà 3 kò lè fúnni ní méjì tó pé 1500. Irú àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù nínú ìwé ìgégi akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tún wo igi 38 sí 89 yẹn: 400 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 2000, méjì 500 sọ ọ́ di 3000. Ẹni tó bá ra mítà 3 géérégé máa ṣẹ́ku síbi kan. Ẹ ra 3.6.

Férémù ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dè, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Wọ́n á fi kílámù há igi òkè mọ́ ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á lu ihò mm 10 gba méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá lu wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ihò kò ní pàdé. Bóòtì méjì ni fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má wà lórí ìlà kan náà, torí pé igi máa ń là gba ibẹ̀. Bóòtì tí orí rẹ̀ rí roboto ní ọrùn onígun mẹ́rin: ẹ fi òòlù gbá a wọlé kí ọrùn náà jẹ igi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn máa yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì ni. Igi ìsàlẹ̀ wà ní mm 100 sílẹ̀, sukúrù méjì-méjì tó fún un. Kí wọ́n wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, férémù náà wà ní gígún.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi férémù kọ̀ọ̀kan sí mm 200 sí ìparí, wọ́n á tẹ́ pákó mẹ́ta lé e, wọ́n á sì gbé igi àárín nàró lórí etí rẹ̀ lábẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ igi àárín yìí lélẹ̀ gbalaja, nínípọn méjèèjì á jẹ́ 76, sukúrù 80 á sì yọ ẹnu lábẹ́, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó máa ń dì mú. Ìdábùú méjèèjì á ti igi ìsàlẹ̀ férémù gòkè lọ pàdé igi àárín. Ẹ má gé wọn látinú ìwé. Ẹ gbé igi náà sí ipò rẹ̀, kí ẹ fa ilà sára rẹ̀ níbẹ̀. Ìdábùú méjì yìí ló sọ bẹ́ǹṣì náà di onígun mẹ́ta nínú, òun ni kò sì jẹ́ kó mì. Ẹni tó bá yọ wọ́n kúrò nítorí pé wọn ò dára lójú, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ sukúrù: ẹ kọ́kọ́ lu ihò mm 3, pàápàá ní ìparí pákó, kí ẹ sì jìnnà sí etí tó mm 25. Bí ẹ bá gbàgbé, pákó á là, yóò sì là sí ibi tí gbogbo èèyàn máa rí i. Àlàfo àárín pákó sinmi lórí bí igi ṣe tutù tó. Igi gbígbẹ nílò mm 5 tàbí 6 kí omi lè gba ibẹ̀ jáde. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn sí, tó ṣì wúwo fún omi, ẹ fi wọ́n sún mọ́ra pinpin, wọ́n á fà sẹ́yìn fúnra wọn. Kò gbọ́dọ̀ wà láàárín mm 8 sí 25, torí pé ìka ọmọ á há síbẹ̀.

Igi olóògùn, ìyẹn èyí tí wọ́n ti fi oògùn sí kó má bàa jẹrà, la fẹ́ fún ẹsẹ̀, ó kéré tán. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún igi àlòkù tí kò sí ẹni tó mọ orísun rẹ̀. CCA, oògùn igi tó ní ásẹ́níìkì nínú, kúrò lára igi ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2003, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti kàn ṣáájú ìgbà náà ṣì pọ̀ níta. Àwọn oògùn tó rọ́pò rẹ̀ kún fún kọ́pà, kọ́pà sì máa ń jẹ irin lásán. Bóòtì àti sukúrù tí wọ́n ri sínú síńkì gbígbóná, tàbí èyí tí kì í dípẹtà, ni kí ẹ rà. Sukúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan pátákó ògiri inú ilé á já nínú ìrọ́pò òjò àti oòrùn. Ẹ má sun àjákù igi olóògùn, kí ẹni tó ń gé e sì fi ìbòmú àti awò ojú sí.

Ayùn oníná tó ń gé igi níbùú kì í ṣe ti ọmọ kéékèèké. Tí ibi tí wọ́n ti ra igi bá lè gé ẹsẹ̀ mẹ́rin àti igi 400 márùn-ún, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e níbẹ̀. Àwọn ọmọ ló máa ṣe ìwọ̀n, ihò, bóòtì àti sánpépà, ìyẹn ti tó iṣẹ́. Sánpépà 80, lẹ́yìn náà 120, ẹ dúró níbẹ̀. Dídán jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í jẹ́ kí epo wọlé. Ẹ gé gbogbo etí di roboto tó mm 6. Ibẹ̀ ni ẹ̀gún igi ti máa ń wá, kì í ṣe ojú pákó.

Fún ojú rẹ̀, epo ìta tó ń wọ inú igi dára ju fáníìṣì lọ. Fáníìṣì máa ń bó ní oòrùn, kí wọ́n tó lè tún un kùn, wọ́n á ní láti fá gbogbo rẹ̀ kúrò. Epo kò béèrè ju fífọ̀ àti ìpara mìíràn lọ́dọọdún. Àkísà tó mu epo linseed, irú epo kan tí wọ́n ń kùn sígi, lè gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ká a jọ: ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo irin tó ní ìdérí. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi epo fún jù, torí pé orí igi tí wọ́n gé ló ń fa omi mu. Kí ẹsẹ̀ má dúró lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ gbé e lé pẹlẹbẹ kọ́ńkéré tó wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti lù mọ́lẹ̀ tó mm 100.

Igi máa ń súnkì lẹ́yìn tí bẹ́ǹṣì bá ti wà níta, nọ́ọ̀tì tó le lọ́jọ́ tí wọ́n dè é á ti dẹ̀. Sípánà 17, tàbí 16 fún irú M10 kan, ni kí ẹnì kan mú yí gbogbo rẹ̀ ká lẹ́yìn oṣù méjì, àti lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lẹ́yìn náà. Bí igi bá tó fún bẹ́ǹṣì mẹ́fà, ẹ kan ọ̀kan tán pátápátá, kí ọmọ mẹ́ta jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tì í láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ayùn tó kan igi ti márùn-ún tó kù.